Ògiri Onípákó: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Kí Ó Tó Gbé Búrọ́ọ̀ṣì



Ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kọ sí mi kò gùn. Ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi bo ògiri nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń rà ní Bowie, ní Lanham àti ní Laurel ní Maryland níbí, pákó aláwọ̀ ilẹ̀ tí í mú kí yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, àti bí ènìyàn ṣe lè kùn ún kí yàrá náà lè mọ́lẹ̀. Ó wá fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá aáwọ̀ sílẹ̀: ìyàwó á ní kí wọ́n kùn ún ní funfun, ọkọ á ní a kì í kun igi gidi. Èmi kò wá dájọ́ láàárín ọkọ àti aya. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ọkọ ń gbèjà yìí, àwòrán igi ni.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ilé olówó àti ọ́fíìsì lọ́yà ni a ti sábà ń bá pákó lára ògiri ní Amẹ́ríkà. Igi oak ni, tàbí walnut, tàbí mahogany, gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì ń rẹ́ ẹ, tó ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ a máa lo pákó igi páìnì olójú, èyí tí ibi tí ẹ̀ka ti hù jáde máa ń hàn lára rẹ̀ ní kókó dúdú dúdú. Lẹ́yìn ogun ni nǹkan yí padà. Òfin GI Bill ti ọdún 1944 mú kí àwọn tó ti ogun dé lè rí owó yá láti fi ra ilé, ilé tuntun sì ń hù káàkiri ẹ̀yìn odi àwọn ìlú ńlá. Àwọn oníṣòwò pákó rí ọjà. Wọ́n ń kó igi lauan láti Philippines, ẹ̀rọ ń yí ìtì igi náà mọ́ abẹ, abẹ ń ṣí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń tú ẹní tí a ká. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ fẹ́lẹ́ mẹ́ta pọ̀ di plywood, wọ́n á gé e ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Sísanra rẹ̀ kì í sábà ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú àwọn ìlà òòró ara rẹ̀. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé pákó tóóró tóóró ni wọ́n tò pọ̀. Pátákó kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ ló la ìlà sí i lára. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àlàfo àwọn ìlà náà má dọ́gba, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan há, kí ó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí pátákó, ẹ ó rí i pé ìlà kan kò ní ṣàì bọ́ sí íǹṣì 16, òmíràn sí íǹṣì 32, nítorí pé íǹṣì 16 ni òpó igi inú ògiri ilé Amẹ́ríkà sábà fi ń jìnnà síra. Inú ìlà ni wọ́n ń kan ìṣó sí, òkùnkùn ìlà á sì bo orí ìṣó. Bàbá onílé kan lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan bo gbogbo yàrá abẹ́ ilé láìpe káfíńtà, kó sì fi bo ògiri tó ti sán mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1950 sí 1979, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn nínú àìmọye ilé.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tó rọjú jù nínú wọn kò ní awọ igi lójú mọ́ rárá. Wọ́n ń tẹ àwòrán igi sórí bébà tàbí fínílì, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ plywood tàbí mọ́ hardboard. Hardboard yìí, William Mason ló gbé e jáde ní ọdún 1924 ní Laurel, Laurel ti Mississippi o, kì í ṣe tiwa níbí. Ó fi agbára ooru omi fọ́ èérún igi sí fọ́nrán, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pátákó. Masonite tí ẹ ń gbọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Igi ilẹ̀ Yorùbá náà dé Amẹ́ríkà. Afárá, tí àwọn agégi ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa, ni wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú orúkọ ọjà kan, Korina, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kóńgò ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n fi ṣe àga, wọ́n fi ṣe plywood, ilé-iṣẹ́ Gibson tilẹ̀ fi ṣe gìtá Flying V ní 1958. Igi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kì í mú yàrá ṣókùnkùn. Ẹni tó bá bá a lára ògiri rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ pè mí kí ó tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ níbí, bí kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀dà. Levitt and Sons, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ Levittown ní New York, òun náà ló kọ́ àdúgbò Belair ní Bowie. Ọdún 1961 ni àwọn onílé àkọ́kọ́ kó wọlé. Wọn kì í ta ilé níbẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Ní 1963, àwọn ọmọ CORE, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣe ìwọ́de níbẹ̀ láti tako ìwà náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dá irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́kun kò dé àfi ní 1968. Nítorí náà, bí aládùúgbò kan bá sọ fún yín pé ìtàn ló wà lára ògiri yẹn, pé kí ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, ẹ fi sùúrù bi í pé ìtàn ta ni.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní a kì í kun igi, mo bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Nílẹ̀ ta ni a kì í ti í kùn ún? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley ní London ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí àwọn ènìyàn rìn ọ̀nà jíjìn lọ wò yìí, kíkùn ni wọ́n kùn ún. Ẹfun, osùn, ẹlú, gbogbo wọn ni àwọn agbẹ́gilére wa fi sára igi. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ Reckitt's dé ọjà, wọ́n fi pa irun orí ère ìbejì láró. Wọ́n sábà máa ń tún ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn kí ó tó dé ojú agbo. Ẹni tó bá wá ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àṣà kò gbà á, kí ó wá àwíjàre mìíràn.

Síbẹ̀, àwọn igi kan wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní ni chestnut ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York ní 1904 tàn káàkiri, tó fi máa di 1950, igi chestnut tó ti kú lé ní bílíọ̀nù 3. Pákó tí wọ́n là lára àwọn òkú igi wọ̀nyẹn máa ń ní ihò kòkòrò wínníwínní, ó sì wà lára ògiri àwọn ilé kan títí di òní. Kò sí ọjà tí ẹ ti lè lọ ra tuntun rẹ̀. Bákan náà ni pákó oak tàbí walnut gidi tí gbẹ́nàgbẹ́nà tò. Ojú oak ní ihò tínńtínní púpọ̀. Ọ̀dà tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde tán, bí ẹ fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ bí ẹ fi sáńpépà ha á. Ẹni tó bá kun irú igi bẹ́ẹ̀ ti kùn ún fún ara rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ àti fún ẹni tó máa ra ilé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tí ẹ ní? Ẹ pa iná yàrá náà láti ojú bọ́kìsì iná, kì í ṣe láti ojú súìsì lásán. Ẹ tú ìdérí súìsì ara ògiri. Etí ihò tí wọ́n gé fún un á fi inú pákó hàn yín. Bí ó bá jẹ́ igi kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó sì nípọn tó ìdajì íǹṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi, ẹ pe ẹni tó mọ igi. Bí ẹ bá rí fẹ́lẹ́ mẹ́ta, plywood ni. Bí ó bá jẹ́ ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní ìlà igi kankan nínú, hardboard ni. Ọ̀nà kejì kò gba irinṣẹ́: ẹ dúró sí àárín yàrá, ẹ mú kókó igi kan tí ẹ rí lójú ògiri, ẹ wá ìkejì rẹ̀ káàkiri. Bí kókó kan náà, pẹ̀lú ìrísí kan náà, bá tún jáde lórí pátákó mìíràn, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbìn ín. Igi kì í so kókó méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ìmọ́lẹ̀, torí òun gan-an ni ìdí tí ẹ fi pè mí. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní LRV. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹn dúdú tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà, ó parí sí 100, ìyẹn funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ lè bá nọ́ńbà náà lẹ́yìn káàdì àwọ̀ tàbí kí ẹ béèrè ní ilé ìtajà. Funfun tí Sherwin-Williams ń pè ní Alabaster jẹ́ 82. Pákó aláwọ̀ walnut tó ṣú kì í sábà dé 20. Èyí já sí pé nínú ìmọ́lẹ̀ 10 tó bá kọ lu ògiri, pákó ṣíṣú gbé 8 mì, ọ̀dà funfun dá 8 padà. Ìmọ́lẹ̀ tó padà yẹn kò jókòó o: ó tún lọ kọ lu ògiri iwájú, ó kọ lu àjà, ó tún padà. Ní yàrá tí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ pákó, nínú ìkọlù kọ̀ọ̀kan ni ògiri ń gba owó orí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí kíkun ògiri kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sí fèrèsé, fi máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, tí àwọn kan tilẹ̀ ń dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dá ìmọ́lẹ̀. Yàrá abẹ́ ilé tí kò ní fèrèsé, tó ní gílóòbù kan ṣoṣo ní àárín, bí ẹ bá kùn ún ní funfun, yóò di aláwọ̀ eérú ni, yóò sì tutù lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tún iná ṣe ná. Gílóòbù ayé àtijọ́ oníwáàtì 60 ń mú nǹkan bíi lumen 800 wá. LED tó ń jẹ wáàtì 9 tàbí 10 ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí igun yàrá, ẹ bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n parí sí, tí wọ́n sì gbé owó ọ̀dà lọ ra kápẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń fún ọ̀dà funfun òde òní ní agbára ni titanium dioxide. Kí ó tó gba ọjà, òjé ni wọ́n ń fi sínú ọ̀dà, òjé sì ni ó yẹ kó bà yín lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Pákó plywood tó ti ilé-iṣẹ́ jáde ní pípárí kì í sábà jẹ́ ibi tí ewu wà. Ibi tí ewu wà ni férémù fèrèsé, ilẹ̀kùn, àti pákó àtijọ́ tí ẹnì kan ti kùn rí. Bí ilé yín bá ti wà ṣáájú 1978, ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó fi sáńpépà kan ohunkóhun tó ní ọ̀dà lára. Láti oṣù kẹrin ọdún 2010 ni EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ti pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń gbowó ṣe iṣẹ́ tó ń tú ọ̀dà irú ilé bẹ́ẹ̀ ká gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ọdún 2010 yẹn kan náà ni eruku òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara. Ọ̀dà kọ́ ló fà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ẹnu ọmọdé tó ń fà nílẹ̀ ló sì gbà wọlé.

Ó kan iṣẹ́ gan-an wàyí. Èrò mi ni pé ọ̀dà tí ẹ ó rí lójú ògiri ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Pákó yìí ń dán, ohun tó bá sì ń dán kì í di ọ̀dà mú. Àádọ́ta ọdún epo ìdáná, èéfín sìgá àti ọwọ́ ènìyàn ló wà lára rẹ̀, ẹ wá fi dodo àti àkàrà tiwa kún un. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tó ń ká ọ̀rá fọ̀ ọ́, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dé inú ìlà. Lẹ́yìn náà, sáńpépà oníwọ̀n 120 sí 150, kí ẹ fi ha á fẹ́ẹ́rẹ́ títí dídán rẹ̀ á fi kú. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí. Awọ igi tó wà lójú plywood kò nípọn, ti bébà ò tilẹ̀ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ha á á rí i pé òun ti yọ sí òdì kejì. Ẹ lo ìbòmú, kí ẹ sì fi aṣọ ọ̀rinrin nu eruku.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣọ́ owó. Kókó igi páìnì ní oje nínú, ara igi mìíràn ní àwọ̀ tí omi ń fà jáde. Ẹ kun ọ̀dà olómi funfun lé e lórí, á rẹwà fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà àmì pípọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde ní ojú kọ̀ọ̀kan tí kókó wà. Ẹ tún kùn ún, á tún yọ. Mo ti rí pálọ̀ tí wọ́n kùn ní ìgbà mẹ́rin tí àmì náà ṣì ń wo àlejò. Ohun tó ń dá a dúró ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi shellac ṣe, bíi B-I-N ti Zinsser. Kòkòrò kan tó ń gbé lára igi ní Íńdíà àti Thailand ló ń pèsè shellac. Ọtí líle ni wọ́n fi ń pò ó, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbẹ, tí òórùn rẹ̀ sì fi lágbára. Ẹ ṣí fèrèsé. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná nílé yín bá ń lo gáàsì, tó sì wà ní yàrá abẹ́ ilé níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa iná inú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí agolo náà. Ooru ọtí yẹn máa ń gbaná. Fún pákó bébà tàbí fínílì tí kò ní oje nínú, ọ̀dà ìpìlẹ̀ olómi tí wọ́n ṣe fún ohun tó ń dán tó, kò sì ní mú yín húkọ́.

Ẹ gba ìṣirò lọ́wọ́ mi kí wọ́n má baà ta jù fún yín. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, tí ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8: àyíká rẹ̀ jẹ́ 52, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8, ó di 416. Ẹ yọ nǹkan bíi 40 fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku 376. Gálọ́ọ̀nù kan sábà ń gba ẹsẹ̀ bàtà 350 sí 400 níbùú lóòró. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù kan fún ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ẹ kò bá fi ṣòfò, méjì fún ọ̀dà òkè ní kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlà ara pákó ń mu díẹ̀ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kun inú ìlà, kí ó má sì gbẹ kí ẹ tó fi rólà lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì á hàn.

Ti àwọ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Funfun tó ní ìpara díẹ̀ nínú dára ju funfun gbuu lọ nínú yàrá tí oòrùn kì í dé. Ẹ má lo ọ̀dà tó ń dán yinrin. Gbogbo àbùkù pákó ni á fi hàn.

Àwọn kan á béèrè bóyá kí wọ́n dí ìlà náà kí ògiri lè tẹ́jú pátá. Ó ṣeé ṣe. Pọ́tì ni wọ́n á fi kún un, wọ́n á ha á, wọ́n á tún kún un, wọ́n á tún ha á. Ṣùgbọ́n plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń fẹ̀ nígbà ooru ọlọ́rinrin ti Maryland yìí, ó sì máa ń súnkì nígbà òtútù tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlémóoru. Pọ́tì inú ìlà á sán, pàápàá níbi tí pátákó méjì ti pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ ògiri títẹ́jú, kí ó tú pákó kúrò, kí ó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn òpó igi lásán ni, owó náà á sì yàtọ̀. Èmi fẹ́ràn ìlà yẹn nígbà tí ọ̀dà bá ti bò ó. Òjìji rẹ̀ ń mú ògiri funfun ní ara.

Bí ẹ bá ti kùn ún tán, á gbẹ lọ́wọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó le dénú. Ẹ má tíì ti àga mọ́ ọn, ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó lè dúró díẹ̀ sí i nílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọ̀ náà àti ọdún tí ẹ kùn ún sẹ́yìn ìdérí súìsì tí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan, torí agolo á sọnù, ọmọ á sì fi kẹ̀kẹ́ gbá ògiri.

Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn kan ti ya fọ́tò ògiri wọn wá lórí fóònù. Ẹ gbé e wá síwájú, ẹ jẹ́ kí á jọ wá kókó tó jọra.